Bí A Ṣe Ń Yan Adápítà fún Préáńpù Onífáàfù Tí Tirẹ̀ Ti Sọnù Tàbí Tó Ti Jóná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra préáńpù onífáàfù ní tòkunbọ̀, tí wọ́n sì ń gbé e délé láìsí adápítà rẹ̀. Wọ́n á tú inú àpótí wáyà wọn, wọ́n á rí adápítà kan tí ẹnu rẹ̀ wọ ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, wọ́n á kì í bọ̀ ọ́, iná kékeré iwájú ẹ̀rọ á tàn, ṣùgbọ́n ohùn kò ní jáde, tàbí kí ó máa há bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ pé fáàfù ti kú. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wá fáàfù 12AX7 tuntun kiri; mo rà á, mo pààrọ̀ rẹ̀, nǹkan kan kò yí padà. Ìgbà tí mo wá gbé adápítà náà sójú ìmọ́lẹ̀ ni mo rí i pé ti móódẹ́ẹ̀mù íntánẹ́ẹ̀tì ni. Fóòtì rẹ̀, ìyẹn agbára iná tí wọ́n ń kọ ní V, pé, ẹnu rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n irú iná tó ń gbé jáde kọ́ ni préáńpù ń jẹ.

Préáńpù ni àpótí kékeré tó ń gbé ohùn máìkì sókè kí ó tó dé míkísà tàbí kọ̀ǹpútà. Fáàfù ni ìgò kékeré inú rẹ̀ tí ń gbóná, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní tube. Tube MP tí ilé iṣẹ́ ART ti Amẹ́ríkà ṣe ni n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni mo máa ń rí jù, àti pé adápítà rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì yàn jù. Ìlànà náà bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu pẹ̀lú.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá mítà oníṣẹ́ iná kan. Èyí tí kò wọ́n, aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń tà káàkiri, ti tó. Ẹ wá ìwé àti bírò, tọ́ọ̀ṣì fóònù tí ẹ ó fi ka lẹ́tà wẹ́wẹ́, àti wáyà máìkì kan tí orí rẹ̀ jẹ́ oníhò mẹ́ta. Ẹ gbé préáńpù náà fúnra rẹ̀ lọ sí ọjà tí ẹ bá ń lọ. Ẹni tó bá fi ẹnu ṣàpèjúwe ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ fún ọlọ́jà yóò padà lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ìtọ́sọ́nà yìí yan adápítà fún. Máìkì onífáàfù tó ní àpótí iná tirẹ̀, tí wáyà alábẹ́rẹ́ márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje so àwọn méjèèjì pọ̀, ń gba fóòtì kékeré fún gbígbóná fáàfù àti fóòtì ńlá, èyí tó lè ju 100 lọ, nínú wáyà kan náà. Àpótí ti máìkì mìíràn kò lè rọ́pò rẹ̀ bí ẹnu wọn tilẹ̀ bára mu. Bákan náà, ẹ má ṣe tú ampilifáyà onífáàfù ńlá tó ń gba iná tààrà láti ara ògiri, nítorí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì ń bẹ nínú rẹ̀, kapásítọ̀ rẹ̀ sì lè di iná náà mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà rẹ̀. Iná yẹn ń pa ènìyàn.

Ìpele 1: Ẹ ka ara ẹ̀rọ, kì í ṣe ara adápítà

Ẹ yí ẹ̀yìn préáńpù náà sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò iná rẹ̀. Lára Tube MP, ẹ ó rí 9VAC, ìyẹn fóòtì 9 ti iná AC, iná tó ń lọ tó ń bọ̀; DC ni iná tó ń tì sí apá kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i, kí ẹ má fi nǹkan kan kún un, kí ẹ má sì yọ nǹkan kan kúrò. Bí wọn kò bá kọ lẹ́tà AC tàbí DC, wọ́n á ya àmì: ìlà kan tó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ bí ìgbì omi dúró fún AC, ìlà gbọọrọ kan tí ìlà gígékúrú mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀ sì dúró fún DC. Bí ẹ bá rí àwòrán tó ní àmì ìròpọ̀ ní apá kan àti àmì ìyọkúrò ní apá kejì, DC ni ẹ̀rọ náà ń gbà, àwòrán náà sì ń sọ èwo nínú méjèèjì ló gbọdọ̀ wà ní àárín ẹnu adápítà. Iná AC kò ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò ní apá ìròpọ̀ tàbí ìyọkúrò kankan tó dúró lójú kan.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kùnà ní ìpele yìí ni pé wọ́n gba adápítà tí wọ́n bá lára ẹ̀rọ tòkunbọ̀ gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Ẹni tó kó ẹrù náà jọ lè ti fi adápítà ẹ̀rọ kan kún ìkejì kí ọjà lè tètè tà. Àwọn mìíràn á sì fi préáńpù ọ̀rẹ́ wọn ṣe òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kan náà lè ṣe ẹ̀rọ méjì tó jọra, kí ọ̀kan máa gba AC, kí èkejì máa gba DC.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ó yẹ kí irú iná náà àti fóòtì rẹ̀ wà lórí ìwé yín báyìí, pẹ̀lú iye mA (mílíáńpù, ìwọ̀n iná tí ẹ̀rọ ń fà) bí wọ́n bá kọ ọ́. Bí àkọlé náà bá ti pa rẹ́, ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wá ìwé ìlò rẹ̀ lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ má ṣe méfò.

Ìpele 2: AC ni tàbí DC?

Bí ẹ bá fẹ́ fi ara balẹ̀ ní ibì kan ṣoṣo, ibí ni kí ẹ ti fi ara balẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn adápítà tó wà nílé wa, ti móódẹ́ẹ̀mù, ti dúùrù, ti kámẹ́rà, DC ni wọ́n ń gbé jáde. Préáńpù onífáàfù kékeré sì sábà máa ń fẹ́ AC. Ó ní ìdí.

Láti inú fóòtì 9 yẹn ni ẹ̀rọ náà ti gbọdọ̀ rí iná tí yóò fi gbóná fáàfù, iná apá ìròpọ̀ àti apá ìyọkúrò fún àwọn ẹ̀yà mìíràn nínú rẹ̀, àti fóòtì 48 tó ń rán lọ sí máìkì kondẹ́ńsà, èyí tí wọ́n ń pè ní phantom. Báwo ni 9 ṣe ń di 48? Kapásítọ̀, tó ń di iná mú, àti dáyóòdù, tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo kọjá, ni wọ́n tò léra bí àtẹ̀gùn, tí ìkínní ń gbé iná fún ìkejì, tí ìkejì ń gbé e fún ìkẹta. Ẹ wo ẹ̀rọ omi alápá tí a ń tẹ̀ sókè-sódò ní àdúgbò: ìgbà tí apá náà bá ń lọ tó ń bọ̀ ni omi ń gòkè. Iná AC tiwa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, òun sì ni apá tó ń tẹ ẹ̀rọ náà. Iná DC ń tì sí apá kan ṣoṣo ni, bí ẹni tó tẹ apá ẹ̀rọ omi mọ́lẹ̀ tí kò gbé e sókè mọ́. Apá kan nínú ẹ̀rọ lè rí iná, kí gílóòbù iwájú sì tàn, ṣùgbọ́n 48 kò ní débẹ̀, iná apá ìyọkúrò kò sì ní sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn.

Òdì-kejì rẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ ti DC, tí ẹ sì ki AC bọ̀ ọ́, kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè wú kí ó sì bẹ́, nítorí pé irú rẹ̀ kò gba kí iná padà gba ẹ̀yìn wọlé.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú ọjà. Lára adápítà, ìlà méjì ni wọ́n máa ń kọ: INPUT, ìyẹn iná tó ń wọlé láti ara ògiri, àti OUTPUT, iná tó ń jáde. Gbogbo INPUT ló máa ń ní AC lára, nítorí pé AC ni iná ògiri. Ẹlòmíràn á rí AC yẹn, á sì rò pé òun ti rí ohun tí òun ń wá. Ìlà OUTPUT ni kí ẹ kà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé adápítà náà sọ́wọ́. Èyí tó ń gbé AC jáde ní irin àti bàbà tí wọ́n wé nínú, nítorí náà ó máa ń wúwo ju bí ó ṣe tóbi lọ, bí ọmọ ọlọ. Bí ó bá fúyẹ́, tí wọ́n sì kọ 100-240V sí INPUT rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé DC ni.

Ìpele 3: Fóòtì

Iye tó wà lára ẹ̀rọ ni kí ẹ rà. 9 ni 9. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú 12 nítorí pé ó sún mọ́ ọn kò ṣe yín lóore, nítorí pé àléékún yẹn yóò di ooru lára àwọn ẹ̀yà tó ń dá fóòtì dúró nínú ẹ̀rọ, àpótí Tube MP kò sì fẹ̀ tó láti fọ́n ooru náà ká. Bí ó bá dín kù jù, fáàfù kò ní gbóná tó. Àwọn tó ń ṣe 12AX7 fẹ́ kí wáyà tó ń gbóná nínú rẹ̀ rí fóòtì 12.6, tàbí 6.3 bí wọ́n bá so ó ní ọ̀nà kejì, kí ó má sì fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: adápítà onírin kì í dá fóòtì dúró. Bí iná ìjọba bá já láti 230 sí 180, 9 yín yóò di nǹkan bí 7. Níbi tí iná bá ti ń ṣe ségesège, ẹ kọ́kọ́ fi sitabiláísà sí ẹnu ọ̀nà iná náà kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan adápítà.

Ìpele 4: mA

Iye mA tó wà lára adápítà ni ohun tó lè pèsè, kì í ṣe ohun tó ń fi ipá tì wọ inú ẹ̀rọ. Nítorí náà ó lè ju ti ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí i. Fún Tube MP, 1000 mA ni mo máa ń rà. Ìgbà tí fáàfù bá ṣì tutù, ó ń fa iná ju ìgbà tó bá ti gbóná lọ, adápítà tó kéré yóò sì máa gbóná nítorí rẹ̀. Kí ẹ má rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpele 5: Iná tó ń ti ara ògiri wọlé

Ibí ni owó àwọn tí ẹbí wọn ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ti máa ń ṣòfò. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ti Nàìjíríà jẹ́ 230, ti Benin àti Togo jẹ́ 220, gbogbo wọn sì jẹ́ ìgbà 50. Adápítà Amẹ́ríkà tó ń gbé 9V AC jáde, bí ẹ bá kì í bọ iná wa tààrà, yóò gbé nǹkan bí ìlọ́po méjì jáde fún ìgbà díẹ̀, yóò gbóná, fíúsì inú rẹ̀ yóò sì já. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í ṣe adápítà onírin bẹ́ẹ̀ ní títú, nítorí náà ó ti tán nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ láti Ìlú Ọba ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́, ọ̀ràn náà rọrùn: 230 àti ìgbà 50 ni tiwọn, abẹ́rẹ́ mẹ́ta pílọ́ọ̀gì wọn sì bá ti Nàìjíríà mu.

Bí ẹ bá ti ní adápítà Amẹ́ríkà tó dára, ẹ lè lò ó pẹ̀lú step-down tó ń sọ 230 di 110. Step-down tó lè gbé 50 tàbí 100 wáàtì ti tó, nítorí pé 9 fóòtì ní ìlọ́po 1 áńpù (1000 mA) kò ju wáàtì 9 lọ. Mo yan èyí tó ń gbé 110 jáde ju èyí tó ń gbé 120 lọ, nítorí pé irin tí wọ́n ṣe fún ìgbà 60 máa ń gbóná sí i lórí ìgbà 50, fóòtì tó dín díẹ̀ sì ń dín ooru náà kù.

Ìkìlọ̀: àpótí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan wà tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà, tí wọ́n kọ wáàtì ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, síbẹ̀ tó fúyẹ́ bí páálí ìṣáná. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun àti áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣe é fún. Gígé ló ń gé iná sí wẹ́wẹ́, kò yí i padà bí tíráńsífọ́mà ṣe ń ṣe. Ẹ má ṣe so adápítà onírin mọ́ ọn láéláé. Ínfátà tí iná rẹ̀ kò dán bí ti ìjọba náà ń fa ìjàǹbá tó jọ ọ́: bí adápítà yín bá ń kùn bí oyin nígbà tó bá wà lórí ínfátà, ẹ yọ ọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìlà INPUT gbọdọ̀ kọ 220, 230 tàbí 240, pẹ̀lú 50Hz, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ó bá kọ 120V 60Hz nìkan, ẹ kò gbọdọ̀ kì í bọ ara ògiri.

Ìpele 6: Ẹnu adápítà

Ẹnu tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 5.5 níta. Ihò àárín rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ 2.1 tàbí 2.5, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Oníhò 2.1 kò ní wọ ara abẹ́rẹ́ 2.5. Oníhò 2.5 yóò wọ ara abẹ́rẹ́ 2.1 wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní dì í mú, iná á sì máa lọ á máa bọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kan wáyà. Ẹ ki ẹnu adápítà náà bọ ẹ̀rọ nínú ọjà níbẹ̀, láìtan iná sí i, kí ẹ mì wáyà rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ń yẹ̀, tirẹ̀ kọ́. Bí ohun gbogbo yòókù bá pé tí ẹnu nìkan kò bá mu, oníṣẹ́ iná lè gé e kí ó sì jó ẹnu mìíràn mọ́ ọn. Lórí adápítà AC, kò sí ewu kí ó so wáyà méjèèjì lódì.

Ìpele 7: Ẹ wọ̀n ọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Bóyá Alábà ni ẹ ti rà á ní Èkó, bóyá lọ́dọ̀ ẹnì kan ládùúgbò, ẹ bẹ ọlọ́jà kí ó ki adápítà náà bọ iná. Ẹ yí mítà sí ojú AC, èyí tí àmì ìgbì omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi sí 200. Ẹ ki abẹ́rẹ́ mítà pupa bọ ihò àárín ẹnu adápítà, kí ẹ fi dúdú kan ara ẹnu náà níta. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn abẹ́rẹ́ méjèèjì kan ara wọn.

Adápítà 9V AC tó dára yóò kọ 10, 11, nígbà mìíràn ó lè tó 12. Ẹ má bẹ̀rù, kò tíì gbé ẹrù kankan ni. Bí ẹ bá so ó mọ́ ẹ̀rọ, yóò sọ̀ kalẹ̀. Wàyí o, ẹ pààrọ̀ àwọn abẹ́rẹ́ mítà, kí pupa lọ síta, kí dúdú wọ inú. Iye kan náà ló gbọdọ̀ hàn. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mítà tí kò wọ́n lè purọ́: bí ẹ bá fi ojú AC rẹ̀ wọn adápítà 9V DC, ó lè kọ nǹkan bí 20 ní apá kan, kó sì kọ òdo bí ẹ bá pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí mítà sí DC 20. Adápítà AC tòótọ́ yóò kọ òdo tàbí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo.

Ìpele 8: Títan án nígbà àkọ́kọ́

Ẹ yí gbogbo kọ́ńbù, ìyẹn bọ́tìnì tí a ń fọwọ́ yí, sísàlẹ̀, ẹ pa phantom, ẹ má tíì so máìkì tàbí sípíkà. Ẹ gbé adápítà jìnnà sí préáńpù àti sí wáyà máìkì, ó kéré tán ní ìwọ̀n apá kan, nítorí pé irin inú rẹ̀ ń ju ariwo hùùù sára ohun tó bá wà nítòsí. Ẹ wá tan iná. Ẹ ka 30 ìṣẹ́jú-àáyá kí fáàfù gbóná.

Ẹ so wáyà máìkì mọ́ ihò tí máìkì ń wọ̀, kí ẹ fi orí rẹ̀ kejì sílẹ̀. Ẹ tan phantom. Ẹ fi mítà sí DC 200, kí ẹ fi dúdú kan ihò 1, kí ẹ sì fi pupa kan ihò 2. Nọ́ńbà kékeré máa ń wà lára wọn. Ẹ ó rí nǹkan bí 48. Bí ó bá wà láàárín 44 sí 52, gbogbo àtẹ̀gùn iná inú ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wà ní 9 tàbí 12, ẹ padà sí ìpele 2, nítorí pé DC ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé pupa sí ihò 3. Iye kan náà ló yẹ kí ẹ rí.

Ẹ pa phantom, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó so máìkì àti sípíkà. Ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa yí kọ́ńbù sókè díẹ̀díẹ̀. Ohùn gbọdọ̀ kún, kí ó má há. Bí ẹ bá gbọ́ hùùù, ẹ gbé adápítà lọ sí apá ibòmíràn nínú yàrá; bí ariwo náà bá yí padà bí ẹ ṣe ń gbé e kiri, irin inú adápítà ló ń fà á, ẹ wá ibi tó ti dákẹ́ jù fún un.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé adápítà náà. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ lé e kí ẹ ka 10, tàbí tí ẹ bá gbọ́ òórùn bí ti ike tó ń jó, ẹ yọ ọ́ lára ògiri lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tún ka ìlà INPUT rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà fún ọlọ́jà.